Tráfíkétọ̀ Kì í Pa Ara Rẹ̀: Yamaha YBR125 àti Honda CB500F Lábẹ́ Àtàǹpàkò Ẹni Tó Ń Lọ Ṣe Module 2

Ẹni tó ti fi ọ̀kadà jẹun ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo kó tó dé Ìlú Ọba kì í sábà ní wàhálà klọ́ọ̀ṣì. Jíà kò ní dà á láàmú, yóò sì yí kẹ̀kẹ́ po ní àyè tó há ju èyí tí olùdánwò ní kó yí i lọ. Bọ́tìnnì kékeré tó wà lábẹ́ àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ló máa ń gbé e ṣubú. Ó gbàgbé láti tan tráfíkétọ̀, tàbí ó tàn án tán, ó gbàgbé láti pa á, ó wá ń lọ lójú títì gbọọrọ pẹ̀lú iná tó ń ṣẹ́jú lápá òsì bí ẹni tó fẹ́ yà síbi tí kò sí ọ̀nà.

Nítorí náà, àyẹ̀wò yìí kò ní sọ̀rọ̀ epo, kò sì ní sọ bí ìjókòó ṣe rọ̀ tó. Alùpùpù méjì tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìgunlùpùpù ní Ìlú Ọba máa ń gbé fún akẹ́kọ̀ọ́ la fẹ́ wò, Yamaha YBR125 àti Honda CB500F. Ohun kan ṣoṣo la sì ń wò lára wọn: bí tráfíkétọ̀ wọn ṣe máa ran ẹni tó ń múra Module 2 lọ́wọ́, tàbí bó ṣe máa kó bá a.

Fún ẹni tí kò tíì débẹ̀: Module 2 ni apá ìdánwò ìwé àṣẹ alùpùpù Ìlú Ọba tí wọ́n ń ṣe lójú títì, lẹ́yìn tí o bá ti yege nínú Module 1 tí wọ́n ń ṣe nínú ọgbà. Ó máa ń tó nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Olùdánwò á tẹ̀ lé ọ lẹ́yìn, lórí alùpùpù tàbí nínú ọkọ̀, á máa fi rédíò sọ ibi tí wàá yà sí fún ọ létí. Fún bíi ìṣẹ́jú 10 nínú rẹ̀, ìwọ fúnra rẹ ni wàá máa wá ọ̀nà rẹ. Àṣìṣe kéékèèké 10 ni wọ́n lè fojú fò dá. Ọ̀kan tó bá wúwo, ó parí nìyẹn. Owó ìdánwò jẹ́ £75 láàárín ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá sì kùnà gbọ́dọ̀ dúró fún ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 10 kó tó tún un ṣe. Tráfíkétọ̀ tí o gbàgbé láti pa lè wà lára mẹ́wàá yẹn. Ṣùgbọ́n tí awakọ̀ kan bá rí i ní ẹnu àdúgbò, tó gbà pé o fẹ́ yà, tó sì bọ́ síwájú rẹ, ọ̀rọ̀ ti kúrò nínú mẹ́wàá.

Ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Yamaha. Wọn kò ṣe YBR125 fún ilẹ̀ Yúróòpù mọ́, YS125 ló gba ipò rẹ̀ ní 2017, àmọ́ àlòkù rẹ̀ ṣì wà káàkiri, ó sì yẹ fún ìdánwò A1, ìyẹn ti ìwé àṣẹ alùpùpù kékeré, tí ẹni ọdún 17 lè ṣe. Swíìṣì apá òsì rẹ̀ rí bí ọ̀pọ̀ alùpùpù Japan ṣe rí: ti iná gíga àti iná rírẹlẹ̀ lókè, tráfíkétọ̀ láàárín, họ́ọ̀nù nísàlẹ̀. Tí o bá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú bó ṣe yẹ, àtàǹpàkò rẹ á bọ́ sórí tráfíkétọ̀ láìjẹ́ pé o wá a. Tì í sósì, iná òsì á máa ṣẹ́jú. Tì í sọ́tùn-ún, ọ̀tún á dáhùn. Tí o bá yọwọ́, bọ́tìnnì yẹn á padà sáàárín, ṣùgbọ́n iná ṣì ń ṣẹ́jú. Láti pa á, wàá tẹ̀ ẹ́ wọnú tààrà.

Ibí yìí gan-an ni ọwọ́ ọ̀kadà ti máa ń tan ènìyàn jẹ. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó ti pẹ́ nílé, ńṣe ni wàá fọwọ́ fa swíìṣì padà sáàárín kí iná tó kú. Ọwọ́ tó ti mọ́ ìyẹn lára á dé orí Yamaha, á yà sósì tán, á sì fẹ́ fa bọ́tìnnì padà wá sáàárín. Àmọ́ bọ́tìnnì ti wà láàárín tẹ́lẹ̀. Fífà yẹn á gbé e kọjá sí ọ̀tún, ẹni tó rò pé òun ti pa iná á wá máa sọ fún gbogbo títì pé òun fẹ́ yà sọ́tùn-ún. Ìbọ̀wọ́ òtútù tó nípọn náà lè fa irú rẹ̀, torí pé tí o bá fi ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò gbá bọ́tìnnì dípò kí o fi orí rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó lè yọ̀ sápá kan. Orí àtàǹpàkò, tààrà, kí o sì gbọ́ ọ pé ó wọlé. Lẹ́yìn náà, fi ojú kan iná kékeré orí dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ohun tó dùn nínú ètò Yamaha yìí ni pé títẹ bọ́tìnnì nígbà tí iná kò tàn kò ba ohunkóhun jẹ́. Tí o kò bá dá ara rẹ lójú, tẹ̀ ẹ́. Tí o bá yà tán, tẹ̀ ẹ́. Tí o bá kọjá rọ́ńdábáòtù, tẹ̀ ẹ́, kódà bí o bá rò pé o ti pa á. Àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́ máa ń sọ ọ́ di bárakú fún akẹ́kọ̀ọ́ wọn: kẹ̀kẹ́ ti dúró gbọnrangandan, àtàǹpàkò tẹ̀, ojú wò, kó tó kan jíà tó kàn.

Lórí Honda CB500F, bárakú yìí ní ẹ̀gún nínú. Alùpùpù yìí jáde ní 2013, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 471cc, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 35 kW, ìyẹn ibi tí òfin A2, ìpele ìwé àṣẹ tó tẹ̀ lé A1, dúró sí gẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Honda pààrọ̀ ipò bọ́tìnnì méjì: họ́ọ̀nù ló wà láàárín, níbi tí àtàǹpàkò ń sinmi sí, tráfíkétọ̀ wá wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti YBR bọ́ sórí rẹ̀ á nawọ́ sí tráfíkétọ̀, á sì fọn fèrè. Tó bá fẹ́ pa iná lẹ́yìn ìkóríta, pàáà! Ní Èkó, họ́ọ̀nù jẹ́ ìkíni. Ní àdúgbò àwọn arúgbó ní Kent, gbogbo orí á yí síbi tí o wà. Họ́ọ̀nù ẹyọ kan kì í ṣe ohun tó máa já ọ, àmọ́ ojú á tì ọ́, ọkàn rẹ á kúrò lójú títì, ohun tó sì burú jù ni pé tráfíkétọ̀ tí o fẹ́ pa ṣì ń ṣẹ́jú.

Ètò Honda yìí ní àwáwí tirẹ̀. Họ́ọ̀nù jẹ́ ohun pàjáwìrì, ẹni tí ọkọ̀ ń bọ̀ wá gbá kò gbọ́dọ̀ máa wá bọ́tìnnì. Kò burú. Àmọ́ fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò, ẹ̀ẹ̀kan lè ṣàìwáyé rárá tó máa nílò họ́ọ̀nù, tráfíkétọ̀ á sì wáyé ní ọgbọ̀n ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 40 ìṣẹ́jú. Tí a bá ń fún tráfíkétọ̀ nìkan ní máàkì, YBR gba 8 nínú 10, CB500F gba 6. Ti CB500F lè di 8 fún ẹni tó bá kọ́kọ́ lò ó fún ọjọ́ mélòó kan.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ àtàǹpàkò nìyí, kò gba ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Gbé kẹ̀kẹ́ sórí ìdúró rẹ̀, ṣí kọ́kọ́rọ́ ṣùgbọ́n má tan ẹ́ńjìnnì. Wọ ìbọ̀wọ́ tí o máa wọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò gan-an. Di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, kí o sì di ojú. Òsì, pa á. Ọ̀tún, pa á. Ṣe é ní 20 ìgbà, kí ẹnìkan dúró níwájú láti sọ ohun tó ń rí fún ọ. Lẹ́yìn náà, fa klọ́ọ̀ṣì wọlé pẹ̀lú ìka méjì tàbí mẹ́rin, bí o bá ṣe máa ń fà á, kí o tún gbìyànjú rẹ̀. Wàá rí i pé àtàǹpàkò kì í fẹ́ rìn nígbà tí ìka tó kù bá ń ṣiṣẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi yẹ kí tráfíkétọ̀ ti máa ṣẹ́jú kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í já jíà sílẹ̀. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí klọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ á pẹ́ tàn án ni dandan, Yamaha ni tàbí Honda.

Má sì pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá fi YBR kọ́ ọ ní gbogbo ọjọ́, tó wá gbé kẹ̀kẹ́ mìíràn fún ọ láàárọ̀ ìdánwò, bá wọn jà.

Nípa ìgbà tó yẹ kó tàn: ètò tí wọ́n ń kọ́ni ni kí o wo ẹ̀yìn, kí o fi àmì hàn, kó tó kan ìgbésẹ̀ fúnra rẹ̀, nínú ìgbésẹ̀ yẹn ni ipò lójú ọ̀nà, eré, àti wíwò tún wà. Dígí ṣáájú tráfíkétọ̀. Tráfíkétọ̀ ṣáájú kí o tó sún sí ẹ̀gbẹ́. Kó tó di pé o yà gan-an, bojú wẹ̀yìn lórí èjìká ẹ̀gbẹ́ tí o ń yà sí, èyí tí wọ́n ń pè ní lifesaver. Àwọn kan máa ń ṣe lifesaver náà tán, wọ́n á wá rántí tráfíkétọ̀, wọ́n á tàn án bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Olùdánwò tó wà lẹ́yìn ń rí i kedere, torí iná yẹn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré kí kẹ̀kẹ́ tó wọ kọ̀nà.

Ní 30 máìlì ní wákàtí kan, alùpùpù ń rin nǹkan bíi mítà 13 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tí tráfíkétọ̀ bá tàn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kí o tó yà, o ti fún ẹni ẹ̀yìn ní bíi mítà 50, iná náà á sì ti ṣẹ́jú ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Èyí tó fún ìkóríta lásán. Àmọ́ wo irú ibí yìí: olùdánwò ní kí o gba ọ̀nà òsì kejì. Ọ̀nà òsì àkọ́kọ́ wà ní mítà 40 ṣáájú kí o tó dé èyí tí o fẹ́, ọkọ̀ kan sì ti gbé imú rẹ̀ sẹ́nu ibẹ̀, ó fẹ́ jáde. Tí o bá tan tráfíkétọ̀ òsì nísinsìnyí, ohun tí o ń sọ fún un ni pé ọ̀nà tirẹ̀ ni o ń yà sí. Á jáde, orí rẹ ni á sì jáde sí. Ibi tó yẹ kí ọwọ́ rẹ ti lọ sí bọ́tìnnì ni ìgbà tí ìwọ àti ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín, kì í ṣe ṣáájú. Ilé epo àti ọgbà ọjà ńlá tó ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Tí olùdánwò bá ní kí o dúró sí apá òsì níbi tó bá ti dára, má tan òsì nígbà tí ọ̀nà kan ṣì wà láàárín ìwọ àti ibi tí o fẹ́ dúró.

Rọ́ńdábáòtù ló ń pa àwọn tó ti Nàìjíríà wá. Láti 2 April 1972 ni a ti ń gba apá ọ̀tún nílé, Ìlú Ọba ò kúrò ní òsì, torí náà rọ́ńdábáòtù wọn ń yí bí ọwọ́ aago. Gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ mọ̀ ti dojú rú. Tí ọ̀nà àkọ́kọ́ lápá òsì ni o ń lọ, tan òsì kí o tó dé ibẹ̀, jẹ́ kó máa ṣẹ́jú títí wàá fi jáde. Tí tààrà ni, má tan nǹkan kan bí o ṣe ń súnmọ́ ọn. Lẹ́yìn tí o bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà tó ṣáájú tìrẹ, tan òsì. Tí ọ̀tún ni, tan ọ̀tún kí o tó wọlé, gba ìlà ọ̀tún, kí o sì jẹ́ kó ṣẹ́jú bí o ṣe ń yí, títí tí wàá fi kọjá ẹnu ọ̀nà tó ṣáájú tìrẹ, kí o wá yí i padà sósì. Àtàǹpàkò ni yóò ṣe gbogbo èyí nígbà tí kẹ̀kẹ́ tẹ̀ sápá kan. Ohun tó dáa lára swíìṣì méjèèjì yìí ni pé o kò ní láti pa ọ̀tún kó o tó tan òsì: tì í sósì tààrà, ó ti yí padà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ kó tó tì í ń fi àkókò ṣòfò, ó sì lè fọn họ́ọ̀nù sí i tó bá jẹ́ pé Honda ló gùn. Lẹ́yìn tó bá jáde, kó tẹ̀ ẹ́. Mínì-rọ́ńdábáòtù, èyí tó jẹ́ àmì funfun róbótó lásán lórí ilẹ̀, kì í sábà fàyè sílẹ̀ fún òsì ìjáde. Wíwo ọ̀nà ṣe pàtàkì jù ú lọ níbẹ̀.

Àwọn ibì kan wà tí kò yẹ kó tàn rárá. Tí o fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n páàkì sétí títì, tí o sì ti sún síta láti ọ̀nà jíjìn, bojú wẹ̀yìn, ó ti tó. Tí ọ̀nà bá tẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí ìkóríta, iná kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Tí o bá fẹ́ gbéra létí títì, tí kò sì sí ẹ̀dá kankan níwájú tàbí lẹ́yìn, kò sí ẹni tí o ń fi iná hàn. Títan tráfíkétọ̀ níbi gbogbo kò fi hàn pé o mọ òfin. Ó ń fi hàn pé o kò wo ẹ̀yìn.

Ó kan ọ̀rọ̀ àwọn tó máa ń yọ tráfíkétọ̀ YBR wọn kúrò, tí wọ́n á ra LED tẹ́ẹ́rẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì sí i kó lè rẹwà. Tí o bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ara rẹ ṣe ìdánwò, ìmọ̀ràn wa ni pé kí o fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Gílóòbù 10W ni ọ̀pọ̀ alùpùpù 125cc ń lò. Iwájú àti ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jẹ́ 20W, ìyẹn bíi 1.7 A lórí bátìrì 12V. Fúláṣà àtijọ́, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń mú tráfíkétọ̀ ṣẹ́jú, ń fi iye iná yìí mọ̀ pé gílóòbù méjèèjì wà láàyè. LED kì í gbà ju wáàtì kan sí méjì lọ, fúláṣà á wá rò pé gílóòbù ti jó, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú wàràwàrà, tàbí kó má ṣẹ́jú rárá. Òfin Ìlú Ọba ní kó ṣẹ́jú láàárín ìgbà 60 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti ọsàn pípọ́n.

Ohun tí rẹ́wáyà tó mọṣẹ́ máa ṣe ni pé á pààrọ̀ fúláṣà sí ti LED. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, B ni ti bátìrì, L ni ti iná. Tí o bá gbé wọn síra wọn, kò ní ṣiṣẹ́. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní E sí i, èyí tó lọ sí ara irin kẹ̀kẹ́. Àwọn mìíràn á kó rẹ̀sísítọ̀ sí i láti tan fúláṣà àtijọ́ jẹ. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń gbóná gan-an, kò sì gbọ́dọ̀ fara kan rọ́bà tàbí wáyà. Ìṣòro kan tún wà tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu: lẹ́yìn tó ti ṣe gbogbo rẹ̀, ó tan òsì, iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣẹ́jú. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ tó bá ní iná àmì kan ṣoṣo lórí dáṣíbọ́ọ̀dù fún òsì àti ọ̀tún. Gílóòbù àmì yẹn wà láàárín wáyà méjèèjì, iná á sì gba inú rẹ̀ kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Iná tó ń kọjá kò tó tan gílóòbù 10W, ṣùgbọ́n ó tó tan LED. Dáyódù méjì, ohun kékeré tí kì í jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn, irú 1N4007, ló ń yanjú rẹ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wọ ẹsẹ̀ kan gílóòbù àmì, ẹsẹ̀ kejì gílóòbù á sì lọ sí ara irin. CB500F kò ní wàhálà yìí. Láti 2019 ni Honda ti fi LED sí gbogbo iná rẹ̀, tráfíkétọ̀ náà wà lára wọn.

Tí àlòkù YBR lo fẹ́ rà fún ìdánwò, tan òsì, kí o kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Láàárín 15 sí 30 ló yẹ kó bọ́ sí. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀tún. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá yára ju èkejì lọ, lọ wo bóyá gílóòbù kan ti jó níbẹ̀. Bí iná ẹ̀yìn bá ń mì pẹ̀lú tráfíkétọ̀, wáyà tó wọ ara irin ló ti dípẹtà. Yọ ọ́, fi sánpépà ha á, dá a padà. Tí iná bá rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì rọra ń lọ, tó sì mọ́lẹ̀ nígbà tí o fún un ní epo, bátìrì ni kí o fura sí. Fọwọ́ mi ọrùn tráfíkétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí kẹ̀kẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣubú rí, ọrùn yìí ló sì máa ń kọ́kọ́ kanlẹ̀. Níkẹyìn, ti bọ́tìnnì sósì kí o yọwọ́: bí kò bá fò padà sáàárín lójú ẹsẹ̀, eruku àti gírísì tó ti gan ló há sínú rẹ̀. Fọ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ swíìṣì iná sí i, tì í síwá sẹ́yìn ní ìgbà mélòó kan. Bó bá ṣì ń lọ́ra, yọ owó swíìṣì tuntun kúrò nínú iye tí olóhun dá lé e, tàbí kí o wá òmíràn lọ.